Òkò ìyàwó àbí TME 419: báwo ni àgbẹ̀ ṣe lè dán ẹ̀gẹ́ wò lóko ara rẹ̀?

Àgbẹ̀_Ìsẹ́yìn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀gẹ́ òkò ìyàwó ni a ń gbìn ládùúgbò wa, òun náà ni bàbá mi gbìn. Láìpẹ́ yìí, gbogbo ẹni tó bá yà sọ́dọ̀ wa ló ń pariwo irú ẹ̀gẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní TME 419, pé òun ló ń ta gbòǹgbò jù, pé òun ló ń mú gàrí wá jù. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, pé ilẹ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló lọ́ràá. Mi ò fẹ́ fi ẹ́kà méjì tí mo ní ta tẹ́tẹ́, mi ò sì fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ láìrídìí ẹ̀. Mo fẹ́ gbin méjèèjì kí n fojú ara mi rí i. Ṣé kí n kàn dá oko sí méjì ni, kí n gbin ọ̀kan sápá ọ̀tún, kí n gbin èkejì sápá òsì? Òjò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Bàbá_Elébè
Ọmọ mi, èwo ni wàhálà ńbẹ̀? Dá a sí méjì, gbìn ín, tó bá pé ọdún kí o hú u wò. Ohun tí ojú bá rí náà lo máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Àwa ò kàwé kí á tó mọ ẹ̀gẹ́ tó dáa.

Olùṣọ́Oko_Ìwádìí
Ẹ kú àárọ̀ Bàbá, ẹ̀gbọ́n Ìsẹ́yìn náà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má bínú o Bàbá, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ yín. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú oko tí wọ́n ti ń dán irúgbìn wò, ohun tí mo sì ń rí lójoojúmọ́ ni pé ilẹ̀ kì í rí bákan náà jákèjádò oko, kódà kó jẹ́ ìdajì ẹ́kà. Ẹ wo oko yín dáadáa. Ibì kan wà tí òkìtì ọ̀gán wà tẹ́lẹ̀, ibì kan wà tí wọ́n kó igi jọ sí tí wọ́n dáná sun lásìkò tí wọ́n ń ṣán an. Ọ̀nà kan wà tí omi òjò máa ń gbà ṣàn lọ. Bóyá àwọn darandaran tiẹ̀ ti so màlúù mọ́ igun kan rí. Bí ẹ bá dá oko sí méjì, tí ẹ̀gẹ́ tuntun wá bọ́ sápá ibi tí màlúù sùn sí, ìgbẹ́ màlúù lẹ ń wọ̀n lórí síkéèlì lọ́jọ́ ìkórè, kì í ṣe ẹ̀gẹ́. Ẹ̀yin ò sì ní mọ̀.

Ohun tí a máa ń ṣe rèé. Ẹ pín ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ lò sí abala 4. Kí abala kọ̀ọ̀kan wà níbi tí ilẹ̀ ti jọra: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ ibi tó da gẹ̀rẹ́, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ọ̀gán, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú abala kọ̀ọ̀kan, ẹ wá la àyè méjì tó dọ́gba sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òkò ìyàwó nínú ọ̀kan, TME 419 nínú èkejì. Ibi tí ilẹ̀ bá ti lọ́ràá, àwọn méjèèjì ló máa jẹ ọ̀rá ẹ̀. Ibi tó bá ti ṣá, àwọn méjèèjì ló máa jìyà ẹ̀.

Ẹ má fúnra yín yan èyí tó máa wà lọ́tùn-ún tàbí lósì o. Ojú wa mọ ibi tó dáa, ọkàn wa sì ti mọ èyí tí a fẹ́ kó borí. Ẹ kọ orúkọ méjèèjì sínú bébà, ẹ ká a, kí ọmọdé kan mú ọ̀kan fún abala kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá mú ló máa wà lọ́tùn-ún.

Àgbẹ̀_Ìsẹ́yìn
Ẹ ṣeun gan-an. Àyè kọ̀ọ̀kan á ti tóbi tó? Àti pé igi mélòó ni kí n rà? Igi TME 419 tí wọ́n ń tà níbí wọ́n díẹ̀.

Olùṣọ́Oko_Ìwádìí
Ìdì kan péré ló máa ká a. Ẹ jẹ́ kí àyè kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlà 7, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ ẹ̀gẹ́ 7, kí àlàfo jẹ́ mítà kan sí mítà kan. Ẹsẹ̀ 49 nìyẹn. Nínú abala mẹ́rin, ẹsẹ̀ 196 ni ẹ nílò fún irú ẹ̀gẹ́ kan. Ìdì igi ẹ̀gẹ́ máa ń jẹ́ ọ̀pá 50 tó gùn ní mítà kan. Bí ẹ bá gé ọ̀pá kan sí mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi 25 sẹ̀ǹtímítà pẹ̀lú ojú 5 sí 7 lára, 200 lẹ máa rí. Gbogbo àyè mẹ́jọ yìí kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹ́kà kan lọ. Ẹ ṣe bí ẹ ti ń ṣe lórí ìyókù oko.

Lọ́jọ́ ìkórè, ẹ má wọn ẹsẹ̀ tó wà létí. Èyí tó wà létí máa ń rí oòrùn àti oúnjẹ ilẹ̀ ju tinú lọ. TME 419 tún máa ń dúró ṣánṣán, kì í yọ ẹ̀ka púpọ̀. Bí ẹ bá gbìn ín ti irú ẹ̀gẹ́ mìíràn tó yọ ẹ̀ka ju òun lọ, ìyẹn lè ṣíji bo ìlà TME 419 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nítorí náà, ẹsẹ̀ 25 tó wà láàárín, ìyẹn 5 sí 5, nìkan ni kí ẹ hú sọ́tọ̀, kí ẹ wọ̀n. Mítà 25 níbùú lóròó nìyẹn, ìdá kan nínú 400 hẹ́kítà. Kí ẹ fi 400 sọ ìwọ̀n yẹn di púpọ̀: bó bá jẹ́ 50 kg lẹ rí, tọ́ọ̀nù 20 ni hẹ́kítà kan máa mú wá.

Adìyẹ_Ọ̀tà
Ẹ jẹ́ kí n já wọ̀ ọ́ díẹ̀. Adìyẹ FUNAAB Alpha ni mo ń sìn. Mo fẹ́ dán ewé móríńgà wò nínú oúnjẹ wọn. Ilé adìyẹ méjì ni mo ní, 60 nínú ọ̀kan, 60 nínú èkejì. Ṣé bí mo bá fún ọ̀kan ní móríńgà tí mi ò fún èkejì, ṣé 60 sí 60 kò tó?

Olùṣọ́Oko_Ìwádìí
Àǹtí, kò tó, bí ẹ tiẹ̀ kó 600 síbẹ̀. Ilé méjì náà lẹ ṣì ní. Bí atẹ́gùn bá ń wọ ọ̀kan ju èkejì lọ, tàbí tí àìsàn wọ ọ̀kan, gbogbo adìyẹ inú ẹ̀ ló máa jọ gbà á. Ẹ fi wáyà pín ilé kọ̀ọ̀kan sí yàrá kéékèèké mẹ́ta, kí móríńgà wà nínú yàrá mẹ́ta nínú mẹ́fà, kí ẹ ṣe bébà fún ìyẹn náà, kí nínú ilé kọ̀ọ̀kan méjèèjì wà. Oúnjẹ yàrá kọ̀ọ̀kan lẹ máa wọ̀n, àti èyí tí wọ́n jẹ kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣí ìbéèrè tiyín sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ adìyẹ pọ̀ jọjọ.

ÌyáGàrí_Lánlátẹ̀
Gbogbo bí ẹ ti ń sọ kílò yìí, ẹ ò tíì bi àwa tó ń yan gàrí. Mo ń ra pákí lọ́wọ́ àgbẹ̀ lọ́dọọdún. Pákí kan wà tó máa kún ọkọ̀, tó máa wúwo bí òkúta, bí o bá lọ̀ ọ́ tán tó o gbé e sábẹ́ jákì, omi ló máa ń da jáde. Tó o bá yan án tán, gàrí tó kù kò tó nǹkan. Òmíràn á sì kéré lójú, gàrí ẹ̀ á pọ̀. Bí àgbẹ̀ bá gbé oríṣi tó kún fún omi wá, owó tí mo máa san fún un lọ́jọ́ kejì máa dín, torí mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n Ìsẹ́yìn, kílò nìkan ò tó. Ẹ mú ẹyọ àpò kan nínú irú kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí obìnrin kan náà yan wọ́n lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ wá wọn gàrí tó jáde. Kí jákì wọn lálẹ́ kan náà o, torí tí ọ̀kan bá pẹ́ lábẹ́ ẹ̀ ju èkejì lọ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Olùṣọ́Oko_Ìwádìí
Ẹ ṣeun Màmá, ẹ lu ibi tó yẹ. Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi mọ èyí tó ní omi jù kí ẹ tó lọ̀ ọ́ rárá; kò ná yín ju dúrọ́ọ̀mù omi, àpò àlùbọ́sà onínẹ́ẹ̀tì àti síkéèlì lọ. Ẹ fọ erùpẹ̀ kúrò lára ẹ̀gẹ́, ẹ má bó o. Ẹ kó nǹkan bíi 5 kg sínú àpò náà, ẹ gbé e kọ́ síkéèlì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ rì sínú omi bó ti wà lórí ìkọ́ yẹn, kó má kan ìsàlẹ̀ tàbí ara dúrọ́ọ̀mù, ẹ tún ka síkéèlì. Ẹ yọ ìwọ̀n inú omi kúrò nínú ìwọ̀n ìta, kí ẹ wá fi ohun tó kù pín ìwọ̀n ìta. Ẹ fi 158.3 sọ ohun tó bá jáde di púpọ̀, ẹ yọ 142 kúrò. Ohun tó kù ni ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ ẹ̀gẹ́ gan-an, ìyókù omi ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe é fún yín. Ẹ̀gẹ́ 5 kg wọn 0.55 kg nínú omi. 5 yọ 0.55 kù 4.45. Ẹ fi 4.45 pín 5, ó jẹ́ 1.1236. Bí ẹ bá fi 158.3 sọ ọ́ di púpọ̀ tí ẹ yọ 142, ó kù bíi 36. Bí èkejì bá wọn 0.45 kg nínú omi, 32 ló máa jáde. Ẹ ṣàkíyèsí pé 100 gíráàmù péré ló ya 36 sọ́tọ̀ kúrò lára 32. Síkéèlì onírin tí wọ́n fi ń wọn àpò kòkó kò lè rí i. Irú kékeré onínọ́ńbà tí àwọn tó ń wọ bàálù fi ń wọn ẹrù ni kí ẹ wá, èyí tó ń ka 10 gíráàmù. Kí ẹ sì ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ hú u, ẹ̀yin náà mọ bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń yí padà tó bá ti sun ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá_Elébè
Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ yìí le o. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tèmi ni pé ta ló ní kí ẹ̀gẹ́ àwọn bàbá wa máa bá ẹ̀gẹ́ òyìnbó du? Gbogbo ohun tí wọ́n ń kó wá yìí, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n á ní tiwa kò dáa.

Olùṣọ́Oko_Ìwádìí
Bàbá, inú mi dùn pé ẹ béèrè. TME 419 yìí kì í ṣe ẹ̀gẹ́ òyìnbó rárá. Oko àwọn àgbẹ̀ ní Tógò ni wọ́n ti mú un, Gbazékouté ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Òkò ìyàwó tí ẹ̀ ń gbìn náà sì wà nínú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n kó pa mọ́ sí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, TME 7 ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹ̀gẹ́ abẹ́lé bíi tiyín yẹn, títí kan TME 3 tí wọ́n kó jọ ní Nàìjíríà níhìn-ín, ni wọ́n ti rí ọ̀kan nínú ohun tó lágbára jù tó ń gba ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ mósáíìkì, àrùn tó ń ká ewé jọ, tó ń ta yẹ́lò sí i. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ẹ̀gẹ́ káàkiri Áfíríkà ń lò ó. Àwọn bàbá yín ló yan án, láti ọdún dé ọdún, láìkọ ọ́ sílẹ̀.

Òmíràn wá láti ibòmíràn lóòótọ́. Ní Amani, ní Tanzania, láwọn ọdún 1930, wọ́n fi ẹ̀gẹ́ bá ìbátan rẹ̀ kan tó jẹ́ igi rọ́bà lò pọ̀ kó lè borí àrùn yìí. Lára ọmọ ọmọ irú yẹn tó dé Moor Plantation, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ni wọ́n ti ṣa ọ̀kan tí wọ́n pè ní 58308, lára ẹ̀ ni Dókítà Hahn ará Kòríà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní IITA ní 1971, tí TMS 30572 fi jáde. Àwọn ará Ìkirè fi Dókítà Hahn jẹ Sérìkí Àgbẹ̀. Òyìnbó kọ́ ló fi í jẹ oyè yẹn, Bàbá.

Bàbá_Elébè
Háà. Ìkirè kẹ̀! Ó dáa, mo gbà. Àmọ́ òkò ìyàwó ló máa borí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

ỌmọÌbàdàn_UK
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò gbé jìnnà sí Harpenden, níbi tí Rothamsted, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà. Oko àlìkámà kan wà níbẹ̀, Broadbalk, wọ́n ti ń gbin àlìkámà sí i láti 1843 títí di òní, apá kan sì wà tí wọn ò fi ìgbẹ́ ẹran tàbí ajílẹ̀ kankan sí láti ìgbà náà, kí wọ́n lè máa fi ìyókù wé e. Ibẹ̀ ni Ronald Fisher, onímọ̀ ìṣirò, ti ṣiṣẹ́ láti 1919, òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ abala àti bébà tí ẹ̀gbọ́n Olùṣọ́ ń sọ yìí di ohun tí gbogbo ayé ń lò.

Ohun tó mú mi wọlé gan-an ni ọ̀rọ̀ Màmá Gàrí. Obìnrin kan wà ní Rothamsted nígbà náà, Muriel Bristol, tó ní òun máa ń mọ̀ bóyá mílíìkì ni wọ́n kọ́kọ́ dà sínú ife àbí tíì. Fisher ní kí wọ́n gbé ife 8 síwájú ẹ̀, 4 tí mílíìkì ṣáájú, 4 tí tíì ṣáájú, kí ó ṣa mẹ́rin yẹn jáde. Bí èèyàn bá kàn ń méfò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nínú 70 ni yóò gbà á tán. Ẹ lè ṣe ti ẹ̀bà bẹ́ẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé gàrí irú kan dùn ju èkejì lọ. Ẹ te ẹ̀bà 8, mẹ́rin mẹ́rin, inú omi gbígbóná kan náà, ẹ kọ nọ́ńbà sábẹ́ àwo, kí ẹni tó bá ń ta ko yín ṣa mẹ́rin jáde. Ẹ má sọ fún ẹni tó ń gbé e wá pàápàá, ojú ẹ̀ máa tú u.

ÌyáGàrí_Lánlátẹ̀
Ọkọ mi ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e fún 😂 Ó ní òun mọ gàrí Ìjẹ̀bú láti ibi tó bá ti ń gbóná.

Àgbẹ̀_Ìsẹ́yìn
Mo ti ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kan kù. Igi òkò ìyàwó wà lóko mi, mo fẹ́ gé ti ọdún tó kọjá. Igi TME 419 ni mo fẹ́ lọ rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ní Ìbàdàn. Ṣé kò sí nǹkan?

Olùṣọ́Oko_Ìwádìí
Nǹkan wà o! Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó gé e, torí ibí yìí ni ìfiwéra púpọ̀ máa ń bàjẹ́ sí. Igi tí ẹ fẹ́ rà, ẹni tó ń tà á lè ti ṣà á, ó mọ́, ó gbó dé ìwọ̀n, kò lárùn. Igi tiyín, ẹ ti ń gé e lóko kan náà láti ọdún pípẹ́. Àrùn mósáíìkì inú igi ló ń gbé, bí ẹ bá gé igi tó ní in, ọmọ rẹ̀ ti gbé e bọ̀ kó tó hù; àwọn eṣinṣin funfun kéékèèké abẹ́ ewé náà sì ń gbé e kiri. Tí TME 419 bá borí, ẹ ò ní mọ̀ bóyá irú ẹ̀gẹ́ ló borí ni àbí igi tó mọ́. Bóyá tí ẹ bá ṣa òkò ìyàwó tó mọ́, ìyẹn nìkan á ti fi kún ohun tí ẹ ń hú, láìra nǹkan kan.

Torí náà, ẹ lọ sí oko òkò ìyàwó yín báyìí tí ewé ṣì wà lórí ẹ̀. Ìdí tí ewé ẹ̀ mọ́, tí kò ká, tí kò ní àmì yẹ́lò, ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọn. Àwọn yẹn nìkan lẹ máa gé. Kí igi méjèèjì jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, oṣù 8 sí 12, kí ẹ lo àárín ọ̀pá, ẹ sọ orí tó rọ̀ nù. Ẹ gé wọn, ẹ gbìn wọ́n lọ́jọ́ kan náà. Bí ẹ bá lágbára, ẹ lè fi ìkẹta kún un: òkò ìyàwó tí ẹ gé bí ẹ ti máa ń gé e tẹ́lẹ̀, láìṣà. Ìyẹn ló máa sọ fún yín ohun tí igi tó mọ́ nìkan ń ṣe. Èmi ì bá ṣe é, kí n sọ òótọ́, ju ti TME 419 lọ.

Bí ó bá pé oṣù kan, ẹ ka èyí tó hù. Ní oṣù 3 àti 6, ẹ fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láàárín ní máàkì 1 sí 5 fún mósáíìkì: 1 ni pé kò sí àmì rárá, 5 ni pé ewé ti bàjẹ́ pátápátá. Bí òkété tàbí màlúù bá jẹ nínú àyè kan, ẹ kọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ó bàjẹ́ púpọ̀, ẹ yọ gbogbo abala yẹn kúrò nínú ìṣirò, àyè méjèèjì, ẹ má yọ ọ̀kan nìkan.

Àgbẹ̀_Ìsẹ́yìn
Tó bá wá di ọjọ́ ìkórè, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe oríire? Ká ní TME 419 borí nínú mẹ́ta, òkò ìyàwó borí nínú ọ̀kan.

ỌmọÌbàdàn_UK
Mẹ́ta sí ọ̀kan kò lágbára, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ronú owó ẹyọ: bí ẹ bá jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹrin, kó ṣubú sójú tí ẹ pè ní gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀kan nínú 16 ló máa ṣẹlẹ̀ fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Nítorí náà, kódà mẹ́rin sí òdo kò tíì fi bẹ́ẹ̀ dájú. Bí ẹ bá lè ṣe abala 6, tó sì jẹ́ èyí tí ẹ ti pè ṣáájú ló borí ní gbogbo mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀kan nínú 64 ni. Ẹ sì wo bí ó ṣe borí tó. Ìyàtọ̀ 2 kg kò jọ ìyàtọ̀ 20 kg.

Olùṣọ́Oko_Ìwádìí
Tàbí kí ẹ tún un ṣe lọ́dún kejì, ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí òjò ọdún kan kì í ṣe òjò ọdún kejì. Kí ẹ sì wá àgbẹ̀ méjì mìíràn tó máa ṣe abala kọ̀ọ̀kan lóko tiwọn.

Bàbá_Elébè
Kọ orúkọ mi sí i. Mo ní igi òkò ìyàwó tó mọ́. Ti Tógò yẹn ni kí o bá mi mú wá.

Àgbẹ̀_Ìsẹ́yìn
Bàbá, ó di dandan. Mo máa ra ìdì méjì, torí abala 6 ni mo fẹ́ ṣe. Òkò ìyàwó tí a ṣà àti TME 419. Ìkẹta tí kò jẹ́ ṣíṣà, mo máa fi í sí abala mẹ́ta péré. Màmá Gàrí, ṣé ẹ máa bá wa yan án tó bá tó àkókò?

ÌyáGàrí_Lánlátẹ̀
Màá yan án, àmọ́ ẹ má kọ orúkọ pákí sára àpò o. Nọ́ńbà ni kí ẹ kọ, kí bébà tó sọ irú ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín nílé. Bí mo bá mọ èyí tó jẹ́ tuntun, ọwọ́ mi á máa ro ó lórí iná ju èkejì lọ. Ẹ sì mú owó igi ìdáná dání.